Àdúrà epo pupa tí kò gbà, ní alẹ́ ọjọ́ tí ọmọ mi mu kẹrosíìnì

Aláàdìrẹ Òkè-Baálẹ̀:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń gbìyànjú láti kọ ọ̀rọ̀ yìí síbí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé ibi tí ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ọwọ́ mi a máa gbọ̀n, n ó sì pa á tì. Lónìí mo pinnu pé n ó kọ ọ́ tán, nítorí pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá bí mo ṣe rò ó ni ẹ̀yin náà yóò ṣe rí i.

Àdìrẹ alábẹ́là ni mo ń ṣe níhìn-ín ní Òṣogbo. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé a ní láti yọ́ àbẹ́là lórí iná kí a tó fi fóòmù tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ, bí iná bá sì le jù, àbẹ́là a gbiná mọ́ni lọ́wọ́. Gáàsì ni mo fi ń se oúnjẹ, ṣùgbọ́n sítóòfù oníkẹrosíìnì ni mo fi ń yọ́ àbẹ́là, nítorí pé mo lè rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀ bí mo bá ṣe fẹ́. Ìdí nìyí tí kẹrosíìnì kì í fi í tán nílé mi. Bí a bá sì ti rà á, inú ike omi lásán ni a fi ń gbé e wálé, ike omi tí wọ́n ń tà lójú títì, tí orúkọ omi ṣì wà lára rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, mo ń rọ kẹrosíìnì sínú sítóòfù ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí oníbàárà kan pè mí láti ojú ọ̀nà. Mo gbé ike náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, n kò dé e. N kò pẹ́ ju kí n ka owó lọ. Nígbà tí mo fi máa padà, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 3, ti gbé ike náà sẹ́nu, nítorí pé bọ́ọ̀lù ni ó ti ń gbá bọ̀, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ó tú u jáde, ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo tàn án jẹ, lẹ́yìn náà ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Kẹrosíìnì ti dà sí i láyà, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

Mo figbe ta. Ìyá ọkọ mi sáré jáde, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ti ẹnu wọn jáde ni, "Epo! Ẹ bá mi wá epo pupa!" Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn: bí ọmọdé bá gbé ohun tí kò dára mì, epo pupa ni a ó fún un mu kí ó lè bì í. Èmi náà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti fi gbogbo rẹ̀ se mọ́ínmọ́ín ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo dojú rẹ̀ kọ ife, ẹ̀kán kan ṣoṣo ni ó kán sílẹ̀. Ìyá elépo tí ó wà ní ìkángun àdúgbò sì ti lọ sí òde ìnáwó, Sátidé ṣáà ni. Ìyá ọkọ mi wá rán ọmọ kápẹ́ńtà àdúgbò wa, ọmọ ọdún 10, pé kí ó máa kan ilẹ̀kùn káàkiri títí yóò fi rí ẹni tí yóò fún wa ní epo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Mo kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná náà, ọmọ mi wà ní apá mi, mo sì gbàdúrà. N kò gbàdúrà pé kí Ọlọ́run wo ọmọ mi sàn. Epo ni mo gbàdúrà fún. Mo ní, "Olúwa, ife epo kan péré, n kò tọrọ ju bẹ́ẹ̀ lọ." N kò gba àdúrà tí ó ti inú mi wá tó bẹ́ẹ̀ rí. Epo kò sì wá. Inú bí mi sí Ọlọ́run ní ìṣẹ́jú náà. Mo rò ó nínú ara mi pé irú Ọlọ́run wo ni a ó tọrọ ife epo lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní fún ni.

Ọmọbìnrin kan tí ó yá yàrá nínú ọgbà wa, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ni ó jáde tí ó ní kí a má wá epo kankan, kí a gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Ìyá ọkọ mi jágbe mọ́ ọn pé ọmọdé ni, kí ló mọ̀. Èmi sì gbọ́ tirẹ̀ kìkì nítorí pé epo kò sí. Ká ní ó wà ni, n ìbá ti rọ ọ́ sí ọmọ lẹ́nu kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó bọ́ aṣọ tí ó rin náà lára ọmọ, ó fi ìró mi wé e, a sì gun ọ̀kadà. Bí a ṣe yọ sí oríta ni mo rí ọmọ kápẹ́ńtà tí ó ń sáré bọ̀ láti òdì kejì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ife mú, epo ń dà sí i ní ọrùn ọwọ́, ó ń pariwo pé, "Mo ti rí i! Mo ti rí i!" Mo sọ fún ọlọ́kadà pé kí ó dúró. Ọmọbìnrin náà sọ fún un pé kí ó máa lọ. Ti ọmọbìnrin náà ni ọlọ́kadà gbọ́.

Ní ọsibítù, ìbéèrè tí dókítà kọ́kọ́ bi mí ni, "Kí ni ẹ ti fún un mu?" Mo bú sẹ́kún. Mo rò pé ó fẹ́ dá mi lẹ́bi pé n kò ṣe ìtọ́jú kankan fún ọmọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, a wá epo títí, a kò rí." Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ dúpẹ́ pé ẹ kò rí i."

Wọn kò fọ ikùn rẹ̀, wọn kò sì fún un ní ohun tí yóò fi bì. Wọ́n fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi nǹkan kékeré kan há a ní ìka tí ó ń fi bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn, wọ́n sì ń ṣọ́ èémí rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná ní òru, wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ó ní òun fẹ́ jẹ ìrẹsì. Ọjọ́ kẹta ni a padà sílé.

Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Àdúrà tí mo fi gbogbo ara gbà jù láyé mi, àìgbà rẹ̀ ni ó gba ọmọ mi là. Mo fẹ́ lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, mo sì fẹ́ jẹ́rìí pé Ọlọ́run fẹ́ràn ọmọ mi débi pé ó ti gbẹ epo ilé mi láti àárọ̀ kí wàhálà tó dé ní ìrọ̀lẹ́. Kí ni ẹ rí sí i?

Ọmọ Orísùnmibáre:

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ewu iná kì í pa àwòdì. Ibi tí ọmọ náà ti ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ife epo ni mo kà dé tí mo fi dìde dúró láìmọ̀. Ẹ lọ jẹ́rìí yín, kí ẹ sì jó dáadáa.

Alfa Sábó:

Mo bá yín yọ̀, ìyá wa. Mùsùlùmí ni mí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá láti ilé tèmi. Nínú Súrà kejì, Al-Baqarah, ẹsẹ 216, Ọlọ́hun sọ pé ó lè jẹ́ pé ẹ ó kórìíra nǹkan kan, kí ó sì jẹ́ oore fún yín, ó sì lè jẹ́ pé ẹ ó fẹ́ràn nǹkan kan, kí ó sì jẹ́ aburú fún yín. Ọlọ́hun ni ó mọ̀, ẹ̀yin kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ ogun ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ gbòòrò ju ogun lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú ní ẹsẹ yìí, ìrìnàjò tí kò bọ́ sí i àti ìyàwó tí a kò rí fẹ́ sì ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún wọn. Láti òní lọ, kẹ́ẹ̀gì epo yín ni n ó máa fi ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Ẹ jẹ́ kí n là á yé wa ìdí tí dókítà fi sọ ohun tí ó sọ, nítorí pé mo ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọdún tí a kì í gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Kì í sábà jẹ́ inú ikùn ni kẹrosíìnì ti ń pa ọmọdé, ẹ̀dọ̀fóró ni. Kẹrosíìnì kò ki, ó máa ń yọ̀, díẹ̀ bíńtín nínú rẹ̀ tí ó bá ṣì ọ̀nà wọ ibi tí èémí ń gbà a tàn ká inú ẹ̀dọ̀fóró, a sì mú kí ó wú. Èyí tí ó ti dé ikùn sábà máa ń bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí a bá wá mú kí ọmọ bì, ìbáà jẹ́ epo ni a fún un, ìbáà jẹ́ omi iyọ̀, ìbáà jẹ́ ìka ni a tì bọ̀ ọ́ lọ́fun, ńṣe ni a tún ń gbé kẹrosíìnì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Epo pupa fúnra rẹ̀ lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá bí a bá ń rọ ọ́ sí ọmọ tí ń húkọ́ tàbí tí ojú rẹ̀ ti ń kún fún oorun. Mílíìkì kò pa kẹrosíìnì. Kò sí oògùn tí ń pa á.

Ohun tí ọmọbìnrin yẹn ṣe gan-an ni ó yẹ: ó bọ́ aṣọ tí ó rin, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan sí i lẹ́nu, ó gbé e lọ. Bí ọmọ kò tilẹ̀ húkọ́, bí ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbé e lọ, nítorí pé a máa ń ṣọ́ ọ fún nǹkan bí wákàtí 6 ó kéré tán. Èémí tí ń sáré àti ara gbígbóná lè pẹ́ kí wọ́n tó yọjú, àwòrán àyà tí a bá sì tètè yà lè dára kí ó tó wá yí padà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Bí ẹ bá rí i tí ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀ sí i bí ó ti ń mí, tàbí tí awọ ara ń wọlé láàrin egungun ìhà rẹ̀, ẹ má dúró pààrọ̀ aṣọ.

Ní ti ìgbàgbọ́, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Mo kàn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọbìnrin tí ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì yẹn má wọmi nínú ìjẹ́rìí yín.

Akọ̀wé Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:

Inú mi dùn dénú pé ọmọ yè, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ìjẹ́rìí tí ẹ fẹ́ lọ jẹ́ yẹn ń kọ mí lóminú. Ọlọ́run kọ́ ni ó rọ kẹrosíìnì sínú ike omi, òun kọ́ ni ó sì gbàgbé láti dé e. Bí ó bá lè gbẹ epo yín ní àárọ̀ nítorí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ṣé kò ní rọrùn fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó rán yín létí ìdérí? Mo sì tún ń ronú sí àwọn ilé mìíràn ní ìlú yìí tí ọmọ wọn gbé kẹrosíìnì mì, tí epo sì kún inú kẹ́ẹ̀gì wọn ní ọjọ́ náà. Ṣé nítorí pé Ọlọ́run kò fẹ́ràn tiwọn ni kò ṣe gbẹ epo wọn?

Ọmọ Orísùnmibáre:

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ rọra o. Ẹni orí yọ, ó dilé. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu ikú ni ẹ ń bi ní irú ìbéèrè yìí? Ẹ jẹ́ kí ó dúpẹ́ ná.

Ìyá Àyétòrò:

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti àárọ̀, mo ti ṣí i tí mo tún pa á tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ má bá Akọ̀wé wí. Ilé tèmi wà lára àwọn ilé tí ó ń béèrè.

Epo wà nílé mi ní ọjọ́ tèmi. Ó ti tó ọdún 11 báyìí. Ọmọbìnrin ni, kò tíì pé ọdún 2. Inú ife ni kẹrosíìnì wà, mo fẹ́ fi nu ọ̀dà kúrò lọ́wọ́. Epo tuntun ni epo náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá fún wa láti oko, ó sì mọ́ rekete. Èmi fúnra mi ni mo rọ ọ́ sí i lẹ́nu, ṣíbí kan lẹ́yìn òmíràn, mo ń pe orúkọ Jésù lórí ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Ó bì, inú gbogbo wa sì dùn pé ó bì. A jókòó tì í, a ń dúpẹ́. Ní òru ni èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kò rí ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé kò yẹ kí n lo epo, ó ti lé ní ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀. Ibi àyẹ̀wò aboyún ni mo wà, nọ́ọ̀sì kan ń bá gbogbo wa sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ọmọ, kò mọ̀ pé ẹni bíi tèmi wà níbẹ̀. Mo jókòó, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mi mú. N kò tíì sọ ọ́ fún ọkọ mi títí di òní.

Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣì ń gbàdúrà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ: kí ìyá ọmọ yìí lọ dúpẹ́, kí ó jó, kí ó wọ aṣọ tí ó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má sọ níwájú ìjọ pé epo kò sí nílé òun nítorí pé Ọlọ́run fẹ́ràn ọmọ òun. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan bíi tèmi ni ó jókòó sí àga ẹ̀yìn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Ìyá Àyétòrò, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ eléyìí lẹ́nu ẹni tí ó ti rí púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ìgbà tí ọmọ bá kọ́kọ́ gbé kẹrosíìnì mì, tí ó sì pa á lórí, ni ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣíbí rárá. Kò sí ẹni tí ó lè jókòó lónìí kí ó sọ pé epo yín ni. Kò sí ẹni tí ó sọ fún yín tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó sọ fún ìyá tèmi náà nígbà tí wọ́n rọ epo fún àbúrò mi.

Akọ̀wé Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:

Mo dọ̀bálẹ̀, ìyá. Mo béèrè ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni tí ń ta ayò, n kò mọ̀ pé ẹni tí ó ni ín wà láàrin wa.

Ọmọ Ìdí-Ọ̀ṣun:

Ní ilé tiwa, bí ọmọ bá bọ́ lọ́wọ́ irú ewu báyìí, orí rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ fi omi tútù kí, a ó sì kí Ọ̀ṣun tí ń báni tọ́jú ọmọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Akọ̀wé wà nílé tiwa pẹ̀lú o, ẹ má rò pé àwa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Olùkọ́ Jàléyẹmí:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín, pàápàá ìyá tí ó sọ̀rọ̀ ọdún 11. Ìmọ̀ Bíbélì ni mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi darúgbó, n kò sì ní ìdáhùn sí ìbéèrè tí Akọ̀wé fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn dáhùn rẹ̀, ó sì máa ń wù mí kí wọ́n má ti dáhùn.

Ti ìdérí ike ni mo lè bá yín sọ díẹ̀ lórí. Nínú ìwé Diutarónómì, orí 22, ẹsẹ 8, Ọlọ́run pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ ọgbà yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ láti ibẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà wá sórí ilé náà. Òrùlé tiwọn tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n ń jókòó níbẹ̀, wọ́n ń sá nǹkan níbẹ̀, ọmọdé a sì máa ṣeré níbẹ̀. Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé Ẹni tí ó pa àṣẹ yìí ni Sáàmù 121 sọ nípa rẹ̀ pé kì í tòògbé, bẹ́ẹ̀ ni kì í sùn. Ẹni tí kì í sùn ni ó ní kí a mọ ọgbà. Kò ní kí a gun orí òrùlé lásán, kí a sì máa wo ojú òun.

Nítorí náà, aláàdìrẹ ọmọ mi, n kò rí ohun tí ó burú nínú kí o dúpẹ́ nítorí kẹ́ẹ̀gì tí ó gbẹ. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí kẹrosíìnì wà nílé rẹ lónìí.

Alfa Sábó:

Ọ̀rọ̀ Bàbá mú mi rántí hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá. Ọkùnrin kan bi Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun ni, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Ó ní kí ó so ó, kí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun.

Mo dìde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní alẹ́ àná, mo lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé èmi Alfa. Omi bátìrì mọ́tò wà níbẹ̀ nínú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó sì pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí ohun mímu. Àwọn àgbà ní ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Ti ọmọ ìyá yìí, kẹrosíìnì ni ó pè ní omi, àwa àgbàlagbà ni a sì fi orúkọ omi sílẹ̀ lára ike fún un.

Aláàdìrẹ Òkè-Baálẹ̀:

Ìyá Àyétòrò, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò aró ni mo ti ka ọ̀rọ̀ yín, n kò sì lè ṣe iṣẹ́ mọ́ ní ọjọ́ náà. Mo ti kọ ìjẹ́rìí mi sínú ìwé tẹ́lẹ̀, mo tilẹ̀ ti kà á sí ọkọ mi létí. Mo ti fi bírò pa gbólóhùn yẹn rẹ́. Epo kan náà ni àwa méjèèjì wá, orúkọ kan náà ni a sì pè lé e lórí. Ẹ̀yin rí tiyín. N kò mọ ohun tí mo lè sọ sí i, n kò sì ní díbọ́n pé mo mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ó kù tí mo ṣì lè sọ láìparọ́ kò pọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo fi gbogbo ọkàn mi tọrọ ohun tí ì bá ṣe ọmọ mi ní jàǹbá, ó sì dá mi lójú pé ohun rere ni mo ń tọrọ. Pọ́ọ̀lù sọ nínú Róòmù orí 8 pé a kò mọ bí a ti í gbàdúrà bí ó ti yẹ. Mo ti máa ń ka ibẹ̀ kọjá láìdúró. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń tọrọ nǹkan, mo máa ń sinmi díẹ̀ láàrin rẹ̀, bóyá ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀. N kò rò pé ìgbàgbọ́ mi dín kù. Ariwo rẹ̀ ni ó dín kù.

Bàbá Olùkọ́, kẹrosíìnì ti kúrò nínú ike omi. Inú kẹ́ẹ̀gì dúdú kan tí ìdérí rẹ̀ le ni ó wà, mo sì gbé e kọ́ sórí ìṣó tí ó ga jù mí lọ. Ọmọ náà ń pè é ní "omi ikọ́". Nọ́ọ̀sì Àgbà, ọmọbìnrin náà yóò bá wa lọ ní ọjọ́ Ìsinmi, olùṣọ́àgùntàn wa sì ti gbà pé kí ó bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí n tó jáde dúpẹ́. Ìyá ọkọ mi kò tíì sọ fún un pé àwọn ṣe àṣìṣe, n kò sì rò pé wọ́n máa sọ ọ́ láé, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì wọ́n ní kí n bu àmàlà fún un, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn mú ẹran méjì lé e.

Ọmọ Orísùnmibáre:

Mo bá yín kẹ́dùn, Ìyá Àyétòrò, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé. Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ kápẹ́ńtà ńkọ́? Kò kúrò lójú mi láti ìgbà tí mo ti kà á.

Aláàdìrẹ Òkè-Baálẹ̀:

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè rẹ̀, nítorí pé èmi fúnra mi gbàgbé rẹ̀ fún odidi ọjọ́ mẹ́rin. Bí mo bá ń bọ̀, ó ń sá. Nígbà tí mo wá bá a lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ kí n tó bi í ní nǹkan kan. Ó ní ilẹ̀kùn méje ni òun kàn, pé epo wà lọ́dọ̀ ìyá tí ó fún òun, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti mú un dì, wọ́n sì ní láti gbé e sórí iná kí ó yọ́. Ó ní ká ní kò dì ni, òun ì bá bá wa nílé. Mo sọ fún un pé kò pẹ́ rárá, pé bí ó ṣe dé yẹn ni ó dára. Kò gbà mí gbọ́.

Ife náà ṣì wà lábẹ́ tábìlì tí bàbá rẹ̀ fi ń fá pákó, ó gbé e pamọ́ síbẹ̀ nítorí pé ẹ̀rù ń bà á láti dá a padà. Epo inú rẹ̀ ti dì gbagidi, eruku pákó ti bò ó lójú. Mo gbé e wálé, mo fọ̀ ọ́, mo sì mú un lọ fún ẹni tí ó ni ín. Ọmọ náà tẹ̀lé mi, ó dúró sẹ́yìn mi títí ìyá náà fi gbà á lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni ó wá bi mí bóyá ọmọ mi lè jáde wá gbá bọ́ọ̀lù.